Ṣé Irọ́ ni Ìtàn Àròsọ? Àmáànà Ẹni Tó Ń Kọ̀wé fún Ọmọdé, pẹ̀lú Àríwòye láti Bouaké

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó fi ìmọ̀ ìkọ̀wé ṣe ìkẹ́ fún ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀ Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń wáyé láàrin àwọn ààfáà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbàkúùgbà tí a bá dárúkọ ìwé ìtàn fún ọmọdé. Ìjàpá kò sọ̀rọ̀ rí, igi kò sì rìn lọ sí ọjà rí. Bí òǹkọ̀wé bá wá kọ ọ́ pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì fi ìwé náà lé ọmọ ọdún 7 lọ́wọ́, ṣé kò ti purọ́ fún ọmọ náà? Àwọn tó ń béèrè báyìí ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nínú hádíìsì kan tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ ìparun fún ẹni tó ń purọ́ nítorí kí ó lè pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn wà ní òdìkejì tí wọn kò ka ọ̀rọ̀ náà sí rárá. Lójú tiwọn, eré ọmọdé ni eré ọmọdé ń jẹ́: bí ọmọ bá ti rẹ́rìn-ín, tí oorun sì gbé e lọ, ìtàn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìhà méjèèjì kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wo bóyá ìjàpá sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ̀rọ̀ ń wá irọ́ níbi tí kò sí. Ẹni tó sì ní eré lásán ni ń fi ojú fo ibi tí irọ́ gan-an lè fara pamọ́ sí. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, a ó kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀sìn pè ní irọ́ nígbà tí ó bá kan ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni a ó wo Bouaké, ìlú ńlá tí ó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 350 sí àríwá Abidjan ní Côte d'Ivoire. A yan ìlú náà nítorí pé ogun mú ìbéèrè yìí dé ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọdé ibẹ̀, àti nítorí pé àwọn ènìyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó lọ́hùn-ún, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò, tí wọ́n sì ń tọ́mọ ní ilẹ̀ náà láti ìran dé ìran.

Ohun Tí A Ń Pè Ní Irọ́ fún Ọmọdé

Hádíìsì mẹ́ta ni a ó gbé ka ara wọn. Àkọ́kọ́ ni ti Abdullah ọmọ Amir, tí ó wà nínú ìwé Abu Dawud. Ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì wà nílé wọn. Ìyá rẹ̀ pè é pé kí ó wá gba nǹkan. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun béèrè lọ́wọ́ ìyá náà ohun tí ó fẹ́ fún un, ó sì dáhùn pé èso dàbínù ni. Ó wá sọ fún un pé bí kò bá ní nǹkan kan láti fún ọmọ náà ni, wọn ì bá kọ irọ́ kan sílẹ̀ fún un. Àwọn onímímọ̀ hádíìsì ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí ó gbà wá nítorí ẹnì kan tí a kò dárúkọ nínú àwọn tó gbà á, ṣùgbọ́n Imam Ahmad gba èyí tí ó jọ ọ́ wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah, púpọ̀ nínú wọn sì gbà pé ó dára láti fi ṣe ẹ̀rí.

Èkejì ni ti Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), tí òun náà wà nínú ìwé Abu Dawud. Ó ní àwọn ọmọlangidi tí ó fi ń ṣeré, ẹṣin kan sì wà láàrin wọn tí ó ní ìyẹ́ méjì tí a fi àkísà ṣe. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun béèrè bóyá ẹṣin máa ń ní ìyẹ́. Aisha dá a lóhùn pé ṣé kò gbọ́ pé àwọn ẹṣin Ànábì Sulaimọ̀n ní ìyẹ́ ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rẹ́rìn-ín títí tí eyín ọ̀gàn rẹ̀ fi hàn. Kò bá a wí, kò sì pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ìyẹ́ náà kúrò.

Ẹ̀kẹta ni ti Umm Zar', tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Aisha ni ó ń sọ ìtàn náà, nípa àwọn obìnrin mọ́kànlá tí wọ́n jókòó, tí wọ́n sì ń ròyìn ọkọ wọn. Ìtàn náà gùn, ó sì kún fún àwàdà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tẹ́tí sí i títí dé òpin, ó sì fi ara rẹ̀ wé ẹnì kan nínú rẹ̀ láti fi ìfẹ́ hàn sí ìyàwó rẹ̀.

Bí a bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sí ojú kan, ohun kan yọ sí gbangba. Níbi tí èrò inú ọmọdé ti fi ìyẹ́ sí ara ẹṣin, ẹ̀rín ni ó tẹ̀lé e. Níbi tí kò ti sí àròsọ kankan, tí ó jẹ́ pé ìpè lásán ni wọ́n pe ọmọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irọ́ ti jẹ yọ. Ohun tó lè sọ ìpè ìyá Abdullah di irọ́ ni ọwọ́ tí ó ṣófo.

Àwọn àgbà onímímọ̀ rí ìyàtọ̀ yìí. Al-Hariri, tó kú ní 1122, gbèjà ìwé Maqamat rẹ̀ nípa títọ́ka sí àwọn ìtàn tí a fi sí ẹnu ẹranko, tí kò sí onímímọ̀ tó kọ̀ wọ́n. Irú rẹ̀ ni Kalila wa Dimna, tí Ibn al-Muqaffa' ti sọ di èdè Lárúbáwá láti ọ̀rúndún kẹjọ. Ibn Hajar al-Haytami, tó kú ní 1567, tí ó jẹ́ òpó nínú mádhábì Shafi'i, sọ pé ó tọ́ láti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, àní bí olùgbọ́ bá tilẹ̀ mọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀ rí, níwọ̀n ìgbà tí a bá gbé e kalẹ̀ fún àkàwé àti ìṣítí. Àwọn baba wa náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Nígbà tí apàlọ́ bá ké "Ààlọ́ o!", tí àwọn ọmọ sì dáhùn "Ààlọ̀!", májẹ̀mú ti wà láàrin wọn: gbogbo wọn ti mọ irú ọjà tí wọ́n fẹ́ ná.

Nítorí náà, kì í ṣe bóyá nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni ó yẹ kí a máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ọmọdé. Ó ti pe ọmọ, ọmọ sì ti sún mọ́ ọn. Kí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Imam al-Ghazali, tó kú ní 1111, kọ ọ́ nínú Ihya' pé àmáànà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, pé ọkàn rẹ̀ dà bí ohun iyebíye tí a kò tíì fín ohunkóhun sí lára. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún òbí, ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí òbí fi ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ kálámù rẹ̀.

Ohun Tí Wọ́n Ti Fún Àwọn Ọmọ ní Côte d'Ivoire

Ìtàn ìwé ọmọdé ní ilẹ̀ náà kò pẹ́ púpọ̀. Nígbà ìjọba àmúnisìn, ìwé tí ọmọ kọ́kọ́ ń dì mú nílé ẹ̀kọ́ ni ọ̀wọ́ ìwé Mamadou et Bineta tí André Davesne, ará Faransé, kọ. Orúkọ Mùsùlùmí ni orúkọ àwọn ọmọ inú ìwé náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ará ilé wọn. Bernard Dadié, tó gbé ayé láti 1916 sí 2019, fi hàn nínú Climbié, ìwé rẹ̀ ti 1956, bí wọ́n ṣe máa ń fi àmì ẹ̀tẹ́ lé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Dadié yìí kan náà ni ó kó àwọn àlọ́ ilẹ̀ rẹ̀ jọ sínú Le Pagne noir ní 1955, níbi tí Kacou Ananzè, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, ti ń ṣe ohun tí Ìjàpá ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Aláǹtakùn kò sọ̀rọ̀ rí, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé àlébù ni èdè ilé rẹ̀ rí nǹkan gbà lọ́wọ́ aláǹtakùn náà: ó rí i pé ọgbọ́n wà nílé baba òun.

Bouaké ní ipa tirẹ̀. Láti 1971 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìlú náà ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan jókòó ní Bouaké, wọ́n ń kọ ohun tí ọmọ abúlé tí wọn kò mọ̀ yóò gbọ́. Bí ipò gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé fún ọmọdé ṣe rí nìyẹn: ìyá Abdullah rí ojú ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó pè é, òǹkọ̀wé kì í rí ojú ẹni tí ó pè. Ìdí nìyí tí àmáànà tirẹ̀ fi wúwo jù.

Ní àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé ìtẹ̀wé Nouvelles Éditions Ivoiriennes sílẹ̀ ní 1992, àwọn òǹkọ̀wé bíi Véronique Tadjo, tí ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán inú ìwé rẹ̀, àti Fatou Keïta, olùkọ́ ní yunifásítì, kọ ìwé púpọ̀ fún ọmọdé. Ní 1996 ni ìwé Fatou Keïta tí ń jẹ́ Le petit garçon bleu jáde, ìtàn ọmọkùnrin kan tí àwọ̀ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ènìyàn, tí ó jẹ́ àwọ̀ búlúù. Kò sí ẹni tó rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn àgbà ń sọ ní orílẹ̀-èdè náà ní àkókò yẹn. Òfin ìdìbò ti December 1994 ti béèrè pé kí baba àti ìyá ẹni tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ivoirité gba ìgboro, pé ta ni ọmọ onílẹ̀ gidi, ta sì ni àlejò. Ìkànìyàn 1998 fi hàn pé nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n kà sí àjèjì. Orúkọ tó bá dún bí ti àríwá tàbí bí ti Mùsùlùmí ti tó láti mú kí wọ́n fura sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí baba rẹ̀ sí.

Èwo wá ni irọ́ nínú méjèèjì? Ọmọ aláwọ̀ búlúù kò sí, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ fi òtítọ́ lé ọmọdé lọ́wọ́: ẹni tó yàtọ̀ sí ọ, ènìyàn bíi tìrẹ ni. Àwọn tí wọ́n ń pín ọmọ ènìyàn sí gidi àti ayédèrú ń lo orúkọ, ìwé ẹ̀rí àti ọjọ́ ìbí tí ó ṣeé fojú rí, síbẹ̀ irọ́ ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Súrà Al-Hujurat, ẹsẹ̀ 13, ti parí ẹjọ́ náà: ìpayà Ọlọ́hun ni ó ń gbé ẹnì kan ga ju ẹnì kejì lọ.

Òtítọ́ Tó Wúwo Ju Èjìká Ọmọ Lọ

Ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà ni ó le jù. Bí irọ́ bá jẹ́ ọwọ́ òfo, ṣé gbogbo òtítọ́ ni a ó máa gbé lé ọmọ lọ́wọ́? Ahmadou Kourouma, ọmọ Malinké láti Boundiali, tí òun náà kọ ìwé fún ọmọdé, bíi Yacouba, chasseur africain ní 1998, gbé ìwé Allah n'est pas obligé jáde ní 2000. Birahima, ọmọdékùnrin tí kò ju ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ, ni ó ń sọ bí wọ́n ṣe fi ìbọn lé òun lọ́wọ́ nínú ogun Liberia àti Sierra Leone. Kourouma kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé àwọn ọmọdé Djibouti ni wọ́n bẹ òun kí òun kọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Faransé náà sì fún un ní ẹ̀bùn Goncourt tiwọn ní ọdún yẹn.

Àkọlé ìwé náà ti bí ààfáà púpọ̀ nínú, nítorí pé ó ní Allah kò di dandan fún láti ṣe déédéé nínú gbogbo nǹkan ayé yìí. Ẹ jẹ́ kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n ìmọ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ kò jìnnà sí ohun tí àwọn onímímọ̀ táohíìdì wí, pé kò sí ẹ̀dá tó lè sọ nǹkan di dandan fún Ọlọ́hun. Súrà Al-Anbiya', ẹsẹ̀ 23, jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì kò tọ̀nà: nínú hádíìsì kùdúsí tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Dharr, Ọlọ́hun ti ṣe àbòsí ní èèwọ̀ fún ara Rẹ̀, Ó sì ti kọ àánú lé ara Rẹ̀ lórí nínú Súrà Al-An'am, ẹsẹ̀ 54. Èyí ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣàlàyé fún ọ̀dọ́ tó bá ń ka ìwé náà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dúró síbẹ̀. Ọmọ tí àwọn àgbà ti jà lólè ohun gbogbo ni ó ń sọ̀rọ̀ yẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí Birahima ti wọ́, gbogbo àgbà sì wà lọ́jà. Bí a bá kà á dáadáa, àwa ni ó ń fi sùn.

Ọdún méjì lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, ní ọjọ́ 19 September 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀. Bouaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sì di olú-ibùdó wọn. Orílẹ̀-èdè pín sí méjì. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ìjọba sá lọ sí gúúsù, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti ìlẹ̀kùn, àwọn tó fi ara wọn jìn láìgba owó oṣù ni wọ́n kó àwọn ọmọ jọ kí ẹ̀kọ́ má baà parun. Kourouma kú ní December 2003 láìrí òpin ogun náà. Ìwé tí kò kọ parí, tí ó fi gbé Birahima dé inú ogun ilé tirẹ̀, jáde ní 2004. Ní ọjọ́ 30 July 2007 ni wọ́n dáná sun àwọn ohun ìjà ní pápá ìṣeré Bouaké láti fi hàn pé àlàáfíà ti dé. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 ní 2002 ti kọjá ọgbọ̀n ọdún lónìí. Òun náà ti lè ní ọmọ tó ń bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà.

Kí ni kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀? Bí ó bá ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ òfo ni. Bí ó bá da gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà sí ọmọ lójú, ọwọ́ kò ṣófo, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe dàbínù. Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ali (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) pé kí a máa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n ohun tí wọ́n lè mọ̀, kí wọ́n má baà pe òtítọ́ Ọlọ́hun nírọ́. Ìwé Kourouma wà fún ọ̀dọ́ tó ti ń gbàwẹ̀ Ramadan pé, kì í ṣe fún ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Àwòkọ́ṣe Láti Inú Súrà Yúsúfù

Ọlọ́hun kò fi wá sílẹ̀ láìsí àwòkọ́ṣe. Ìtàn tí Ó pè ní èyí tó dára jù, ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Yúsúfù, ìtàn ọmọdé kan ni. Ìlara wà nínú rẹ̀, ìpètepèrò láti pa ọmọ wà nínú rẹ̀, kànga wà, títà sóko ẹrú wà, ìdẹwò obìnrin wà, ẹ̀wọ̀n sì wà. Kò sí èyí tí a fi pamọ́. Síbẹ̀ ọmọ ilé-kéú ń kà á sétí olùkọ́ rẹ̀ láìsí ìtìjú, nítorí bí a ṣe sọ ọ́. Ohun mẹ́ta ni òǹkọ̀wé lè kọ́ níbẹ̀.

Èkíní, a sọ ibi náà, a kò sì fi í ṣe ìran wíwò. A gbọ́ pé wọ́n fi ọmọ sínú kànga. A kò dúró lẹ́nu kànga láti máa ka omijé rẹ̀. Èkejì, Alùkùránì kò dárúkọ ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà. Ìwà ni a bu ẹnu àtẹ́ lù, a kò fi í kọ́ ìdílé kankan lọ́rùn. Ní ìlú bíi Bouaké, níbi tí Baoulé, Dioula, Sénoufo, Ànàgó àti ẹ̀yà mìíràn ti jọ ń lo ọjà kan, òǹkọ̀wé tó bá fi ìwà ìkà ogun sí ara ẹ̀yà kan nínú ìwé ọmọdé ti gbin ogun mìíràn sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìtàn náà dé ibi ìdáríjì ní ẹsẹ̀ 92, ṣùgbọ́n kò fò dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, àwọn ẹ̀gbọ́n jẹ́wọ́ kí ìdáríjì tó wáyé. Ìtàn tó bá ń dárí jì kí ẹnikẹ́ni tó jẹ́wọ́, irọ́ dídùn ni.

Shaykh Abul Hasan Ali Nadwi ti India, tó kú ní 1999, rí i pé ìtàn ológbò àti ajá ni ó kún ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ni ó mú kí ó kọ Qasas al-Nabiyyin fún àwọn ọmọdé. Ìtàn àwọn Ànábì ni ó yẹ kí ó ṣáájú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí nǹkan ṣáájú kò túmọ̀ sí pé èyí tó tẹ̀lé e ti di èèwọ̀. Ààlà kan ṣoṣo ni a kò gbọdọ̀ kọjá: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àròsọ kún ìgbésí ayé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ó má ṣe dá ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu nítorí kí ìtàn lè dùn. Ìkìlọ̀ iná tó wà lórí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ ọn kò yọ ìwé ọmọdé sílẹ̀.

Àkótán

Ọmọ Ànàgó kan ní Bouaké lè gbọ́ Faransé nílé ẹ̀kọ́, kí ó gbọ́ Dioula lọ́jà, Lárúbáwá nílé-kéú àti Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìwé ọmọdé tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè kẹrin yìí ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ara rẹ̀ nínú ìwé kankan yóò gba ohun tí ìgboro bá sọ nípa rẹ̀ gbọ́, a sì ti rí ohun tí ìgboro ń sọ ní àwọn ọdún 1990. Àwọn tó lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà láàrin wa: àwọn ààfáà tí wọ́n mọ ẹ̀sìn, tí wọ́n gbọ́ èdè, tí wọ́n sì ń rí ojú àwọn ọmọ náà lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọ̀wé nítorí ìbẹ̀rù pé irọ́ ni àròsọ. Àwọn ẹ̀rí tí a ti kà sílẹ̀ yìí fi hàn pé ìbẹ̀rù náà kò ní ìpìlẹ̀, bí kálámù wọn bá ti pa ààlà mọ́.

Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù ni pé kí a pe ọmọ kí ó wá gbà, kí ó sáré wá, kí ó sì bá ọwọ́ òfo. Kí Ọlọ́hun fi ohun rere sí wa lọ́wọ́, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa nílé àti lẹ́yìn odi. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.